Àdìrẹ ẹlẹ́kọ mi ti yanjú o

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú àdúrótì. Ẹ rántí pé mo béèrè nípa ẹ̀kọ láfún (èyí tí a fi ń ya ọnà sára àdìrẹ kí aró má bàa mú ibẹ̀) tó ń bó kúrò lára aṣọ nínú aró, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní kí n fi álọ́ọ̀mù (alum) sí i tí mo bá ń sè é, Ọlọ́run á bù kún yín, mo fi sí i, mo tún jẹ́ kó gbẹ dáadáa lóòrùn, kò bó mọ́.

Sketch tí mo máa ń yà lójoojúmọ́ níbí n'Ífẹ̀ náà ni mo gbé sára aṣọ, àwọn ilà tẹ́ẹ́rẹ́ ojú àwọn orí idẹ tí wọ́n hú ní agboolé Wúnmọníjẹ̀ n'Ífẹ̀ níbí lọ́dún 1938, ìyẹ́ adìyẹ tí mo tì bọ ẹ̀kọ ni mo fi fà á. Ẹ wá wo bó ṣe ń jáde látinú aró ẹ̀lú! Àwọ̀ ewé ló kọ́kọ́ ní, atẹ́gùn fẹ́ sí i báyìí, ó di búlúù lójú mi. Mò ń rì í mò ń sá a títí tó fi dúdú bí mo ṣe fẹ́, kí n tó ha ẹ̀kọ kúrò. Torí ẹ̀gbẹ́ kan aṣọ ni ẹ̀kọ wà, tí aró sì ń gba ẹ̀yìn wọlé díẹ̀, búlúù fẹ́ẹ́rẹ́ ni ilà yẹn dà, ó sì rẹwà gan-an. Aṣọ tó kù ni mo máa fi ṣe èèpo ìwé sketch mi tuntun. Ẹ ṣeun gan-an ni.