Iyè bàbá mi ń ra, ẹ̀dọ̀ ni dókítà ní ó fà á. Ṣé òótọ́ ni pé kí wọ́n má jẹ ẹran àti ẹyin mọ́?

ỌmọBàbá_Kan:
Ẹ kú ilé o ẹ̀yin ará, ẹ jọ̀ọ́ ẹ ràn mí lọ́wọ́. Bàbá mi ní cirrhosis, ẹ̀dọ̀ wọn ti le, àpá ti gba inú ẹ̀, hepatitis B tó ti wà lára wọn tipẹ́ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni mọ̀ ló fà á. Inú wọn kọ́kọ́ wú, wọ́n fa omi rẹ̀, wọ́n fún wọn lóògùn tó ń jẹ́ kí wọ́n tọ̀ dáadáa, ó sì lọ sílẹ̀. Èyí tó wá ń dẹ́rù bà mí báyìí ni pé wọ́n á sùn lọ́sàn-án fọnfọn, tó bá di òru ojú wọn á là kedere, wọ́n á máa bèèrè nǹkan kan náà ṣáá, tí wọ́n bá na ọwọ́ síwájú á máa gbọ̀n, lánàá wọn ò rántí orúkọ ọmọ mi tí wọ́n fẹ́ràn jù. Àwọn kan nínú ẹbí ní ọjọ́ ogbó ni, àwọn kan ní ká má fún wọn lẹ́ran, ẹja àti ẹyin mọ́ torí púrótéènì ló ń di májèlé lára wọn. Bẹ́ẹ̀ wọ́n ti rù gan-an o, apá wọn ti ku egungun. Kí ni ìwádìí sọ nípa ẹ̀?

Nọ́ọ̀sì_Wọ́ọ̀dù:
Ẹ kú ìtọ́jú bàbá. Ká tó sọ̀rọ̀ oúnjẹ rárá, ẹ pe dókítà wọn lónìí, ẹ má dúró de ọjọ́ tí wọ́n dá fún wọn. Ohun tẹ́ ẹ kọ yìí jọ hepatic encephalopathy, ìyẹn ni pé àìsàn ẹ̀dọ̀ ló ń mú kí iyè wọn ra, kì í ṣe ọjọ́ ogbó. Bakitéríà inú ìfun máa ń ṣe májèlé kan tó ń jẹ́ amóníà, ẹ̀dọ̀ tó dá ṣáṣá ló máa ń sọ ọ́ di nǹkan tá a lè tọ̀ dànù. Àmọ́ tí ẹ̀dọ̀ bá ti le, kò ní lè ṣe é tó, ẹ̀jẹ̀ gan-an á tún wá ọ̀nà ẹ̀bùrú gba ẹ̀gbẹ́ ẹ̀dọ̀ kọjá, amóníà á bá gorí lọ sínú ọpọlọ.

Kì í sì í ṣàdédé bẹ̀rẹ̀, nǹkan kan ló sábà máa ń tì í. Ṣé wọ́n ń ṣe ìgbọ̀nsẹ̀ dáadáa? Ṣé ìgbẹ́ wọn dúdú bí ọ̀dà? (ìyẹn lè jẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ ń dà nínú, ọsibítù lójú ẹsẹ̀ nìyẹn). Ṣé ibà wà, ṣé inú ń dùn wọ́n, ṣé ẹnikẹ́ni fún wọn lóògùn oorun? Oògùn ìtọ̀ yẹn náà tó bá pọ̀ jù lè gbẹ omi ara wọn. Omi inú yẹn tún lè ní kòkòrò láìsí ibà kankan, ẹ ní kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, tí neutrophil (sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ funfun tó ń bá kòkòrò jà) inú ẹ̀ bá ti lé ní 250 nínú mílímítà kúbíìkì kan, ìtọ́jú bẹ̀rẹ̀ lójú ẹsẹ̀ nìyẹn. Tí wọn ò bá ṣe é jí, ẹ gbé wọn lọ pàjáwìrì, ẹ má wò ó níran.

ỌmọBàbá_Kan:
Ẹ ṣé gan-an mà. Ìgbẹ́ ò dúdú ṣùgbọ́n ó ti tó ọjọ́ mélòó kan tí wọn ò ṣe é dáadáa, àǹtí mi sì fún wọn lóògùn oorun torí àìsùn òru yẹn!! Mo ti pe dókítà, ó ní ká dá oògùn oorun dúró ká sì gbé wọn wá nísinsìnyí. A ti ń múra.

Aláyẹ̀wò_Ẹ̀dọ̀:
Ẹ kú orí ire pé ẹ tètè bèèrè. Iṣẹ́ ìwádìí lórí ẹ̀dọ̀ ni mò ń ṣe, ẹ jẹ́ kí n dáhùn ọ̀rọ̀ púrótéènì yẹn torí ó ń bí mi nínú bó ṣe ń bá àwọn aláìsàn jà. Láyé àtijọ́ àwọn dókítà gan-an ló ń sọ bẹ́ẹ̀, pé ṣebí inú púrótéènì ni amóníà ti ń wá, ká dín in kù. Lọ́dún 2004 àwọn oníwádìí kan ní Sípéènì wá dán an wò, àwọn tí iyè wọn ti ra tí wọ́n wà lọ́sibítù, wọ́n fún apá kan ní púrótéènì tó tó, wọ́n dín ti apá kejì kù. Kò sí àǹfààní kankan fún àwọn tí wọ́n dín tiwọn kù, ńṣe ni ara wọn tún ń jẹ iṣan tiẹ̀ sí i. Iṣan sì rèé, òun náà ń bá ẹ̀dọ̀ gbá amóníà kúrò nínú ẹ̀jẹ̀! Ẹni tó bá ń rù, ààbò ló ń pàdánù yẹn.

Ohun tí ìlànà ìtọ́jú ń sọ báyìí ni gíráàmù púrótéènì 1.2 sí 1.5 fún kílò kọ̀ọ̀kan tí èèyàn wọ̀n lójúmọ́, ẹni tó bá wọn 60 kílò á jẹ bíi 72 sí 90. Díẹ̀díẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà ni kí wọ́n máa jẹ ẹ́, kí wọ́n sì panu kí wọ́n tó sùn, ebi òru gígùn ń jẹ iṣan wọn. Tí ẹran ò bá bá wọn lára mu, ẹ̀wà àti wàrà ń ṣe dáadáa. Iyọ̀ lẹ máa dín kù torí omi inú.

Lactulose ni wọ́n máa kọ́kọ́ fún wọn, ṣúgà tí ara ò lè dà ni, bakitéríà á sọ ọ́ di ásíìdì nínú ìfun, amóníà á há síbẹ̀, á bá ìgbẹ́ jáde. Ẹ̀ẹ̀mejì sí ẹ̀ẹ̀mẹta ìgbẹ́ rírọ̀ lójúmọ́ la ń fẹ́, tó bá di ìgbẹ́ gbuuru omi ara á gbẹ, iyè á tún ra. Tó bá ń padà wá, wọ́n lè fi rifaximin, oògùn tó ń pa bakitéríà inú ìfun, kún un. Lọ́dún 2010 wọ́n tẹ èsì ìwádìí kan jáde, èèyàn 299, oṣù mẹ́fà: nínú àwọn tó lo rifaximin ó padà wá lára nǹkan bí 22 nínú 100, nínú àwọn tí kò lò ó, bíi 46, bẹ́ẹ̀ tó lé ní 90 nínú 100 wọn ló ń lo lactulose lápá méjèèjì.

Ìyá_Ń_Bọ̀wá_Dáa:
Mò ń tọ́jú ìyá mi tó ní irú ẹ̀. Ẹ ní ìwé kékeré kan, ẹ máa kọ iye ìgbà tí wọ́n ṣe ìgbọ̀nsẹ̀ sí i, kí wọ́n sì fọwọ́ ara wọn kọ orúkọ wọn sí i láràárọ̀, tí ọwọ́ bá ti ń wọ́ yàtọ̀, ẹ ti mọ̀ ṣáájú. Àti pé ẹ ní kí wọ́n máa dárúkọ ẹranko fún ìṣẹ́jú kan, tí wọn ò bá lè dá mẹ́wàá, ẹ sọ fún dókítà, àwọn dókítà náà ń lo ìdánwò yẹn. Ibuprofen, oògùn ara ríro yẹn, ò gbọ́dọ̀ dénú wọn. Wọn ò sì gbọdọ̀ wa mọ́tò báyìí o.

Nọ́ọ̀sì_Wọ́ọ̀dù:
Ó kù kan tí kò sẹ́ni tó sọ. Hepatitis B lẹ ní ó fà á, ẹ bi dókítà bóyá wọ́n ń lo tenofovir tàbí entecavir, torí títẹ fáírọ́ọ̀sì yẹn lórí ba ṣì ń ran ẹ̀dọ̀ lọ́wọ́ kódà tó bá ti le, kí wọ́n sì máa ya àwòrán ẹ̀dọ̀ ní oṣù mẹ́fà mẹ́fà torí jẹjẹrẹ. Ẹ bèèrè nípa pípààrọ̀ ẹ̀dọ̀ náà, kí wọ́n wò ó bóyá ó ṣe é ṣe fún wọn. Ẹ̀yin, àwọn ọmọ ìyá yín, màmá, ọmọ yín, gbogbo yín ni kẹ́ ẹ lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ wò. Ẹni tí kò bá ní in kó gba abẹ́rẹ́ àjẹsára, ẹni tó bá ní in kó bẹ̀rẹ̀ sí í rí dókítà láìtíì sí ohun tó ń ṣe é.