Àbọ̀ rèé o: háàdì díráìfù tí kọ̀ǹpútà ò rí mọ́ ti yọjú

Ẹ kú àdúrótì, ẹ̀yin èèyàn mi. Háàdì díráìfù 1TB (ibi tí kọ̀ǹpútà ń kó nǹkan pamọ́ sí) inú kọ̀ǹpútà ṣọ́ọ̀bù wa ní Kubwa, l'Ábùjá, tí mo bi yín léèrè nípa rẹ̀ pé BIOS (ètò tó kọ́kọ́ ń jí kọ̀ǹpútà) ò rí i rárá, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti yanjú.

Ẹni tó ní kí n fọwọ́ kàn án bóyá ó ń yí, ẹ ṣé gan-an. Ó ń gbọ̀n jẹ́jẹ́, kò sì dún kọ̀-kọ̀-kọ̀, ni mo bá mọ̀ pé iná ń dé ibẹ̀, mọ́tò rẹ̀ ò sì kú. Mo yọ wáyà SATA tó ń gbé dátà, mo fi ti DVD tí a kì í lò rọ́pò rẹ̀. Bí mo ṣe tan kọ̀ǹpútà báyìí, orúkọ díráìfù yọ gànràn. Irin pẹlẹbẹ ẹnu wáyà àtijọ́ yẹn ti kán, eruku ọyẹ́ sì ti kún inú rẹ̀ (ẹ ṣáà mọ Àbújá nígbà ọyẹ́).

Mo fi CrystalDiskInfo, ètò tó ń sọ bí ara díráìfù ṣe rí, yẹ̀ ẹ́ wò. Nọ́ńbà tí wọ́n ń pè ní C7, tó ń ka àṣìṣe ojú ọ̀nà wáyà, ga fíofío. Àmọ́ 05 àti C5, tó ń ka ibi tó bàjẹ́ tàbí tó fẹ́ bàjẹ́ lójú díráìfù fúnra rẹ̀, òdo ni méjèèjì. C7 kì í padà sí òdo o, ẹ má jáyà. Kó ṣáà má gòkè mọ́ ni. Tèmi ti dúró gbọn-in. Oníṣẹ́ tó ní kí n lọ ra tuntun, ó dìgbà kan ná.

Mo ti da ìwé gbèsè àwọn oníbàárà sórí fúláàṣì. Ó ku kí n ra wáyà tuntun ní Banex, ọjà fóònù àti kọ̀ǹpútà.