Ọjọ́ tí wáyà já lábẹ́ bàálù

Ọmọ Ọ̀fà:

Ọdún mẹ́rin gbáko ni mo fi wọ ẹ̀wù aláwọ̀ ewé lórí ọkọ̀ ogun Amẹ́ríkà kan, irú èyí tí bàálù ń gbéra tí ó sì ń balẹ̀ lórí rẹ̀ láàárín òkun. Mi ò ní dárúkọ ọkọ̀ náà. Àwọ̀ ẹ̀wù ló ń sọ iṣẹ́ oníkálukú níbẹ̀: oníyẹ́lò ló ń darí bàálù, elésè àlùkò ló ń bu epo sí i, aláwọ̀ pupa ló ń bójú tó bọ́ǹbù. Ìdí wáyà ni èmi wà.

Pápá yẹn kúrú. Bàálù ajagun á wọlé pẹ̀lú eré tó ju kìlómítà 200 lọ ní wákàtí kan, nǹkan bí mítà 100 péré ló sì ní láti fi dúró. Kò sí bíréékì tó lè ṣe é. Ìkọ́ kan wà lábẹ́ ìrù rẹ̀ tó fi ń há wáyà tí a nà dábùú pápá. Mẹ́rin ni wáyà tiwa. Wáyà yìí wọ ìsàlẹ̀ lọ bá ẹ̀rọ ńlá kan, ẹ̀rọ yẹn ló ń tú u sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ tí bàálù á fi dúró láìfàya. Kí bàálù kọ̀ọ̀kan tó dé, wọ́n á ké ìwúwo rẹ̀ fún wa, a ó sì yí ẹ̀rọ sí ìwọ̀n yẹn. Bí wáyà kan bá ti mú bàálù tó nǹkan bí ìgbà 100, a ó yọ ọ́ dà nù, a ó sì fi tuntun sí i.

Láàárọ̀ ọjọ́ tí mò ń sọ yìí, a tò gẹ́gẹ́ bí a ṣe ń tò lójoojúmọ́, èjìká kan èjìká, a rìn láti iwájú pápá dé ẹ̀yìn, a ń ṣa gbogbo ohun tó bá wà nílẹ̀. Bí ẹ́ńjìnnì bá fa nọ́ọ̀tì kan péré mì, wàhálà dé nìyẹn. Bọ́tìnnì ẹ̀wù ẹnìkan ni mo rí. Mo jù ú sápò.

Oòrùn ti ń wọ̀ nígbà tí Super Hornet kan, bàálù ajagun oníjòkòó méjì, ń bọ̀. Ó balẹ̀ dáadáa, ó há wáyà kẹta, èyí tí gbogbo awakọ̀ ń lé. Mo ti gbé ẹsẹ̀ kan láti sáré lọ yọ wáyà kúrò lára ìkọ́, iṣẹ́ mi nìyẹn. Wáyà náà nà, ó nà, ó wá dún gbàà! Eré tó ti ń kú lọ lára bàálù náà kò kú mọ́.

Ẹnìkan fa ẹ̀wù mi láti ẹ̀yìn, mo ṣubú lulẹ̀. Ohun tó kọjá lókè orí mi ń dún bí àtòrì eégún. Ohun tó kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn gan-an nìyẹn, àtòrì eégún, lórí òkun tí kò sí eégún kankan. Ó gbá ọmọkùnrin kan lẹ́sẹ̀ lára wa, egungun rẹ̀ ṣẹ́ níbi méjì.

Nígbà tí mo gbójú sókè, bàálù náà ti ń kọjá etí pápá. Iná ń tú jáde nídìí rẹ̀, síbẹ̀ eré tó kù lára rẹ̀ kò tó gbé e fò. Imú rẹ̀ ń lọ sísàlẹ̀. Gíláàsì orí àwọn méjì tó wà nínú rẹ̀ fò dànù, àga ta ẹni ẹ̀yìn jáde, ẹni iwájú tẹ̀ lé e. Kí o tó ṣẹ́jú, àwọn méjèèjì ti wà lókè, bàálù ti wọ omi.

Irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ kì í dúró lójijì. Ńṣe ni wọ́n yí i kó má baà gun àwọn èèyàn náà mọ́lẹ̀. Mo dọ̀bálẹ̀ sí etí pápá, mò ń wo ìsàlẹ̀. Mo rí ọ̀kan tó ń ju ọwọ́. Ti èkejì, aṣọ páráṣúùtì rẹ̀ nìkan ni mo rí, ó tẹ́ sórí omi, kò sí ẹnikẹ́ni lábẹ́ rẹ̀. Ó gba ẹ̀gbẹ́ wa kọjá lọ sẹ́yìn.

Hẹlikópítà kan wà tó máa ń fò nítòsí wa nígbàkigbà tí bàálù bá ń gbéra tàbí tí ó ń balẹ̀. Ó ti dé orí wọn, òmùwẹ̀ rẹ̀ bẹ́ sómi. Mi ò rí ìyókù, nítorí wọ́n ti ń pe gbogbo ọkọ̀ fún kíkà, ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn, orúkọ kan tẹ̀ lé òmíràn, kí wọ́n lè mọ̀ bóyá ẹnikẹ́ni nínú àwa náà ti já sómi. Wọ́n pe orúkọ mi, ẹnu mi là, ohùn kò jáde. Wọ́n tún un pè. Ó pẹ́ gan-an kí wọ́n tó kéde pé àwọn méjèèjì wà láàyè. Mo bú sẹ́kún níbi tí mo dúró sí.

Bí mo bá lá àlá rẹ̀ báyìí, wáyà kọ́ ni mo ń rí. Aṣọ yẹn ni, tó ń lọ lórí omi.

Àkànbí:

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ewu o. Ẹ jọ̀ọ́, bàálù ti balẹ̀, kí ló dé tí iná ṣì ń jáde nídìí rẹ̀? Ṣé kò yẹ kí awakọ̀ ti pa á ni?

Ọmọ Ọ̀fà:

Rárá, àbúrò. Bí táyà bá ti kan pápá, gbogbo agbára ẹ́ńjìnnì ló ń fi sí i, torí pé ìkọ́ lè fo gbogbo wáyà, tó bá sì fò wọ́n, àfi kó gbéra padà lẹ́sẹ̀ kan náà. Ohun tó pa tiwa lára ni pé wáyà ti jẹ eré rẹ̀ tán kó tó já. Kò dúró, kò sì lè fò. Ní oṣù Kẹta ọdún 2016, wáyà já lábẹ́ Hawkeye kan, bàálù alábẹ̀bẹ̀ tó ń fi rédà ṣọ́ ojú ọ̀run, lórí ọkọ̀ ogun USS Dwight D. Eisenhower, èèyàn 8 ló fara pa lórí pápá. Bàálù náà rì kọjá etí ọkọ̀ débi pé ẹni tó wà lórí pápá kò rí i mọ́, kó tó tún yọ, tó ń gòkè díẹ̀díẹ̀. Wọ́n gbé e dé Norfolk ní Amẹ́ríkà láyọ̀. Mi ò lè ka iye ìgbà tí mo ti wo fídíò yẹn.

Ìyá Ìbejì, Jacksonville:

Àbúrò mi, o kú ewu. A ò ní rí irú ẹ̀ mọ́.

Èmi náà ṣe iṣẹ́ yẹn, àmọ́ yàrá tí wọ́n ti ń ká páráṣúùtì ni mo wà fún ọdún mẹ́jọ. Ìyá mi tajà aṣọ òkè ní Ìsẹ́yìn, ọwọ́ tó fi ń ká aṣọ ni mo gbé lọ síbẹ̀: ìṣẹ́po lórí ìṣẹ́po, kó má lọ́, kó má fún pọ̀. Tí mo bá parí, màá fọwọ́ sí ìwé.

Jẹ́ kí n sọ fún ọ nípa aṣọ tí o rí. Páráṣúùtì tó gbé èèyàn sọ̀ láyọ̀ lè pa á tó bá dénú omi. Atẹ́gùn á fẹ́ ẹ, á máa wọ́ ọ kiri, tàbí kí aṣọ mu omi kó fà á lọ sísàlẹ̀. Onítọ̀hún lè ti dákú, apá rẹ̀ lè ti dá, kò ní lè tú ìdè fúnra rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ẹ̀rọ kékeré kan fi wà níbi ìdè tó wà ní èjìká, ẹ̀rọ tó mọ omi òkun. Òjò lè pa á, kò ní ṣe nǹkan kan. Bí omi iyọ̀ bá wọ̀ ọ́, á ta, ìdè á tú, aṣọ á máa bá tiẹ̀ lọ. Ẹ̀wù ìléfòó ọrùn rẹ̀ náà á wú fúnra rẹ̀. Àwa là ń yẹ ẹ̀rọ yẹn wò. Aṣọ tí kò sí èèyàn lábẹ́ rẹ̀, ohun tí à ń gbàdúrà fún ni o rí yẹn.

Hawkeye tí o dárúkọ ló mú mi kọ̀wé. Kò ní àga tó ń ta èèyàn síta bíi ti Hornet. Páráṣúùtì wà lára wọn lóòótọ́, ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn ni wọ́n ń gbà bẹ́, ẹnìkan sì gbọ́dọ̀ di bàálù mú kí wọ́n tó lè débẹ̀. Ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹta ọdún 2010, ọ̀kan ń padà bọ̀ sórí Eisenhower yẹn kan náà lẹ́yìn iṣẹ́ ní Afghanistan. Ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì kan lọ, ẹ́ńjìnnì kú, abẹ̀bẹ̀ rẹ̀ kò sì gbà kí wọ́n yí i síbi tí kò ti ní máa fa bàálù sẹ́gbẹ̀ẹ́. Lieutenant Miroslav Zilberman ló ń wà á, ọmọ tí wọ́n bí sí Ukraine. Ó di bàálù náà mú títí àwọn mẹ́ta yòókù fi bẹ́ jáde. Wọ́n rí àwọn mẹ́ta náà gbé. Òun kò jáde.

Ọjọ́ tí ìròyìn náà dé yàrá wa, ọ̀gá wa kò sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó ní ká tú gbogbo páráṣúùtì tí a ti ká láti àárọ̀, ká tún wọn ká. Ilẹ̀ ṣú mọ́ wa nídìí rẹ̀, kò sẹ́ni tó kùn.

Ọmọ Ọ̀fà:

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣé. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo kà á. Ọdún kọkànlá rèé tí mo ti ń rí aṣọ yẹn, kò sẹ́ni tó sọ fún mi rí pé omi iyọ̀ ló tú ìdè. Èmi rò pé ọkùnrin yẹn ti rì, pé abẹ́ omi ni wọ́n ti fà á jáde.

Ẹ jọ̀ọ́, ìwé tí ẹ ní ẹ máa ń fọwọ́ sí yẹn, ṣé wọ́n ṣì ń tọ́jú rẹ̀? Mo fẹ́ mọ ẹni tó yẹ ti ọjọ́ yẹn wò.