Èsì: «Eré àkọsílẹ̀» kọ́ ni dọkumẹ́ńtárì

Ẹ̀yin àgbà, mo kí yín o.

Ẹ̀gbọ́n wa tó wà ní London kọ̀wé síbí nípa Ronald Blythe, ọmọ Suffolk nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tó kú ní 2023 lẹ́yìn tó ti pé ọgọ́rùn-ún ọdún. Ìwé rẹ̀ lórí abúlé tó fún lórúkọ Akenfield jáde ní 1969, Peter Hall sì fi í ṣe fíìmù ní 1974. Ó dùn mọ́ mi pé a ń fi Yorùbá sọ irú nǹkan báyìí. Àmọ́ Ẹ̀gbọ́n pe fíìmù náà ní «eré àkọsílẹ̀», wọ́n ní bí a ó ṣe máa pe dọkumẹ́ńtárì, ìyẹn fíìmù tó ń fi ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an hàn, nìyẹn láti òní lọ. Ta ló fi àṣẹ lé wọn lọ́wọ́?

Ẹ bi ọmọ tó ń múra ìdánwò oníwèé mẹ́wàá pé kí ni lítíréṣọ̀ àkọsílẹ̀. Á ní èyí tí wọ́n kọ sínú ìwé ni, òdìkejì alohùn. Eré àkọsílẹ̀ wá ni eré tí ẹnì kan jókòó kọ, tí òṣèré há sórí. Fíìmù yìí gan-an ni kò sì rí bẹ́ẹ̀! Ìlapa èrò ni Blythe kọ, kò kọ ọ̀rọ̀ sí ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Àwọn ará abúlé Suffolk ló ṣe é, bó bá ṣe wá sí wọn lẹ́nu ni wọ́n ń sọ ọ́. Òpin ọ̀sẹ̀ ni wọ́n ń ya á, torí oníkálukú níṣẹ́ tó ń ṣe. Ẹnì kan ṣoṣo, Garrow Shand, ló ṣe Tom, ọ̀dọ́mọkùnrin tí ìtàn náà dá lé lórí, tó tún ṣe bàbá Tom àti bàbá àgbà Tom. Blythe fúnra rẹ̀ ló ṣe àlùfáà. Lóòótọ́, òṣèré ni Peter Tuddenham tó ni ohùn bàbá àgbà tí à ń gbọ́ lábẹ́ àwòrán. Ohùn kan nìyẹn. «Kọ» wo ló tún kù níbẹ̀, àfi ti kíkọ ebè? Àwọn alárìnjò wa ì bá mọ irú eré yìí lójú ẹsẹ̀.

Èyí tó ní ká kúkú pè é ní sinimá àgbéléwò, pé bíi mílíọ̀nù 15 ènìyàn ló gbé ilé wò ó lórí tẹlifíṣọ̀n ní January 1975, àwàdà lẹ fi ń ṣe.

Tèmi fún dọkumẹ́ńtárì ni «fíìmù ìṣojúmi». Kò sẹ́ni tí kò mọ «ìṣojú mi ló ṣe». Ẹ má sì bá mi fi a- rọ́pò ì- o, torí aṣojú ni ẹni tí wọ́n rán nílé ìgbìmọ̀, a ò ní í yan fíìmù sípò. Kódà Akenfield kò yẹ fún ìṣojúmi tán: wọ́n tún ìgbà ogun 1914 ṣe níbẹ̀, ta ló ṣojú rẹ̀ nínú àwọn tó ń ya á? Eré alohùn ni kó máa jẹ́.

Ẹ̀gbọ́n tún pe Blythe ní «òǹkọ̀wé ará oko». Háà! Àgbẹ̀ alágbàṣe ni bàbá rẹ̀, òun náà ṣiṣẹ́ ní ilé-ìkówèésí ní Colchester kó tó gbájú mọ́ ìwé kíkọ, ẹ wá ń pè é ní ará oko? Ẹ dán an wò lójú ìyá ọlọ́jà kan ní Ìbàdàn, ẹ ó rí ohun tí ojú ń rí. Òǹkọ̀wé ìgbèríko ni. Bàbá tó kọ́ wa ní Yorùbá nílé-ẹ̀kọ́ olùkọ́ni kò ní í gbà kí ẹ kọ «ará oko» sínú àròkọ; á fi gègé pupa fà á ya. Irú wọn ti tán nílẹ̀ yìí, ló jẹ́ kí olúkúlùkù máa ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ bó ṣe wù ú.

Nígbà tí ẹ bá ń fèsì, Ẹ̀gbọ́n, ẹ má tún sọ ti oyè ọ̀mọ̀wé yín fún wa. Ẹ tú «àkọsílẹ̀» palẹ̀, mọ́fíìmù (ègé ọ̀rọ̀ tó kéré jù tó ní ìtumọ̀) kan tẹ̀ lé èkejì, kí ẹ fi ibi tí òótọ́ fara pamọ́ sí nínú rẹ̀ hàn wá.