Ṣé ìkọ̀sílẹ̀ la máa pè é ni? Lórí ọ̀rọ̀ òfin àwọn ará Filipínì

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ti ka gbogbo ohun tẹ́ ẹ kọ látọjọ́ tí mo ti béèrè ọ̀rọ̀ Yorùbá tá a lè fi pe àwọn ohun tó wà nínú òfin àwọn ará Filipínì, ẹ ṣeun gan-an, àmọ́ màá bá yín jiyàn díẹ̀ lónìí, ẹ má bínú.

Fún àwọn tí ò sí ńlé lọ́jọ́ tá a bẹ̀rẹ̀: èmi àti obìnrin ará Filipínì kan la jọ ń ṣiṣẹ́ alẹ́ ní wọ́ọ̀dù kan náà níbí nílùú Ọba, ọmọ Yorùbá kan ló sì fẹ́ fẹ́ ẹ. Ìyá ọmọkùnrin yẹn wà l'Ábẹ́òkúta, wọn ò gbọ́ òyìnbó, èmi ni wọ́n fi ṣe ògbufọ̀ lórí WhatsApp. Ìbéèrè tí Màmá kọ́kọ́ bi mí ò ju ẹyọ kan lọ, "Ṣé ó ti kọ ọkọ àárọ̀ ẹ̀ sílẹ̀?" Ibẹ̀ ni ẹnu mi ti wọ́, torí pé lórílẹ̀-èdè obìnrin yẹn, kò sí ìkọ̀sílẹ̀. Kì í ṣe pé ó ṣòro o, kò sí lábẹ́ òfin ni. Àfi àwọn Mùsùlùmí tó ní òfin tiwọn látọdún 1977. Nígbà táwọn Amẹ́ríkà ń ṣàkóso wọn, ó wà, òfin kan tí wọ́n ṣe ní 1917 gbà á tí ọkọ tàbí ìyàwó bá ṣe àgbèrè, àmọ́ òfin ìlú tó bẹ̀rẹ̀ ní 1950 gbé e kúrò. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2024 ilé aṣojúṣòfin wọn fọwọ́ sí àbá kan láti dá a padà, ilé àwọn sẹ́nétọ̀ ò fọwọ́ sí i, ibẹ̀ ló kú sí.

Ẹ̀gbọ́n wa tó kọ láti Ìbàdàn wá ní ká ṣáà pè é ní ìkọ̀sílẹ̀, pé "ọ̀kan náà ni gbogbo ẹ̀, ṣebí wọ́n ti pínyà." Ẹ̀gbọ́n, kì í ṣe ọ̀kan náà o. Ohun téèyàn bá kọ̀ sílẹ̀, ó ti wà lọ́wọ́ ẹ̀ rí nìyẹn. Kóòtù ìbílẹ̀ tiwa náà, tí wọ́n bá ní àwọn "tú ìgbéyàwó ká," ohun tí wọ́n so ni wọ́n tú. Àmọ́ ìwé tí obìnrin yìí fi sí kóòtù ní ìlú wọn ń bẹ adájọ́ pé kó sọ pé kò sí ohun tí wọ́n so rí. Tí mo bá wá sọ fún Màmá pé ó ń kọ ọkọ sílẹ̀, irọ́ ni mo pa, bó bá sì dọ̀la tí Màmá ní kí wọ́n mú ìwé ìkọ̀sílẹ̀ wá, wọn ò ní rí i mú wá títí ayé.

Ẹ jẹ́ n tú u díẹ̀, torí àwọn ará ibẹ̀ fúnra wọn náà ń da gbogbo ẹ̀ pọ̀, "annulment," ìyẹn kí kóòtù pa ìgbéyàwó rẹ́, ni wọ́n ń pe ohun gbogbo. Ọ̀nà mẹ́ta ló wà nínú òfin ẹbí wọn. Àkọ́kọ́ ni ìgbéyàwó tí òfin ní kò dúró látìbẹ̀rẹ̀, bíi kí ọ̀kan nínú wọn má tíì pé ọdún 18, tàbí kó ti ní ọkọ tàbí ìyàwó tẹ́lẹ̀. Èkejì ni èyí tó dúró àmọ́ tí kóòtù lè pa rẹ́ tó bá rí i pé wọ́n fipá mú ẹnì kan ni, tàbí wọ́n tàn án, tàbí ẹni tó ti pé 18 àmọ́ tí ò tíì pé 21 lọ fẹ́yàwó láìgba àṣẹ òbí. Ẹ̀kẹta ni kóòtù ní kí oníkálùkù máa gbé lọ́tọ̀, kí wọ́n pín dúkìá, àmọ́ tọkọtaya náà ni wọ́n ṣì jẹ́, kò sẹ́ni tó lè fẹ́ ẹlòmíì.

Fún èkejì yẹn, mo gbà pẹ̀lú àwọn tó ní ìwọ́gilé. Ó dáa gan-an. Ohun téèyàn wọ́ igi lé, ó ti wà nínú ìwé kí wọ́n tó fa ìlà lé e lórí. Ẹ̀kẹta, ẹ jẹ́ ká pè é ní ìpínyà abẹ́ òfin kó parí síbẹ̀. Ẹnì kan ní ká lo dálémosú, mo rẹ́rìn-ín nígbà tí mo kà á, àmọ́ rárá o, obìnrin nìkan la ń pè bẹ́ẹ̀, èébú sì wà nínú ẹ̀. Ọkùnrin náà lè gba ìpínyà, ṣé òun náà dálémosú ni?

Àkọ́kọ́ ló ṣòro, òun gan-an sì ni obìnrin yìí ń bá kiri. Mo kọ́kọ́ sọ fún Màmá pé "ìgbéyàwó tí ò so," mo rò pé mo ti gbé e, bí okùn tí ò so. Màmá ní, "Kò so kẹ̀? Ṣebí ẹ ní ó bímọ méjì." Wọ́n gbọ́ ọ bí igi tí ò so èso. Ni mo bá yí i padà, mo ní wọ́n ta okùn náà ṣùgbọ́n kókó ẹ̀ ò mú. Èyí wọ̀ wọ́n létí. Nínú ìwé, mo rò pé a lè kọ ọ́ ní ìgbéyàwó aláìfìdímúlẹ̀, àmọ́ lẹ́nu, kókó ẹ̀ ò mú ni màá máa sọ lọ. Ẹ wá wò ó, ní kété tó yé wọn tán ni wọ́n bèèrè ohun tí mo ti ń bẹ̀rù, "Àwọn ọmọ ńkọ́? Tí wọn ò bá fẹ́ra rí, ọmọ ta ni wọ́n?" Òfin wọn ti dáhùn ẹ̀: ọmọ tí wọ́n bí kí ìdájọ́ tó dé, tó bá jẹ́ ohun tí obìnrin yìí ń rò lẹ́jọ́ ni (màá dé orí ẹ̀ nísàlẹ̀), ọmọ ilé ni lábẹ́ òfin, kò sẹ́ni tó lè pè é ní ọmọ àlè. Ọkàn Màmá balẹ̀ níbẹ̀. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ tá a bá mú, kó má jẹ́ èyí tó máa ta bá ọmọ.

Ohun tí obìnrin náà ń rò lẹ́jọ́ gan-an, abala 36 nínú òfin ẹbí wọn ni, "psychological incapacity," òun náà wà lára ohun tó ń mú kí ìgbéyàwó má dúró látìbẹ̀rẹ̀. Bọ̀ọ̀dá kan nínú wa túmọ̀ ẹ̀ sí àìsàn ọpọlọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé ìyẹn jù nù. Ní 2021, nínú ẹjọ́ Tan-Andal àti Andal, kóòtù tó ga jù ní ibẹ̀ sọ gbangba pé kì í ṣe àìsàn, wọn ò sì ní kó di dandan kí dókítà wá jẹ́rìí. Ohun tí wọ́n ń wá ni bóyá ìwà ẹni náà, látìgbà tí wọ́n ti ń ṣe ìgbéyàwó, jẹ́ èyí tí ò lè gbé iṣẹ́ ọkọ tàbí iṣẹ́ aya rárá. Mo pè é ní ìwà tí ò gbé ìgbéyàwó. Màmá ní, "Ìwà! Tó bá jẹ́ ti ìwà ni, ta ló máa kù nílé ọkọ?" Mo ṣàlàyé fún wọn pé kì í ṣe ìwàkiwà, pé ìjà ojoojúmọ́ àti kí ọkùnrin máa yan àlè nìkan ò tó, pé kódà kí tọkọtaya jọ gbà pé kí oníkálùkù máa lọ ò tó, ńṣe nìyẹn tún máa mú kí agbẹjọ́rò ìjọba fura pé wọ́n ti jọ dìtẹ̀ sí kóòtù. Màmá dákẹ́ fúngbà díẹ̀, wọ́n ní ìlú yìí le o.

(Tó bá jẹ́ òyìnbó ló fẹ́ tẹ́lẹ̀ tí ìkọ̀sílẹ̀ sì ti ṣẹlẹ̀ lókè òkun, ìyẹn tún yàtọ̀, kóòtù wọn lè tẹ́wọ́ gbà á, ìdájọ́ tí kóòtù tó ga jù níbẹ̀ ṣe lórí ẹjọ́ Manalo ní 2018 sì ní bẹ́ẹ̀ náà ni kódà tó bá jẹ́ ọmọ Filipínì ló gba ìkọ̀sílẹ̀ ọ̀hún. Níbẹ̀, ìkọ̀sílẹ̀ lọ̀rọ̀, mi ò bá ẹnikẹ́ni jà.)

Ọ̀rọ̀ kejì ni barangay. Àdúgbò ni, ìjọba tó kéré jù lọ, orúkọ ẹ̀ wá látara ọkọ̀ ojú omi ayé àtijọ́ wọn, balangay. Ẹnì kan ní ká pe ọ́fíìsì wọn ní ààfin báálẹ̀. Báálẹ̀ kẹ̀? Ìbò ni wọ́n fi ń yan olórí barangay, "kapitan" ni wọ́n ń pè é. Àmọ́ iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀ la ti mọ̀ tipẹ́: tí èèyàn méjì tó ń gbé ìlú kan náà bá jà lórí gbèsè, lórí ààlà ilẹ̀, lórí ariwo rédíò, òfin ní kí wọ́n kọ́kọ́ lọ síbẹ̀ kí wọ́n tó dé kóòtù, bí ọ̀rọ̀ náà ò bá jẹ́ ọ̀ràn tó lè gbéni ju ọdún kan lọ lẹ́wọ̀n. Lọ́yà ò gbọdọ̀ bá ẹnikẹ́ni dúró níbẹ̀. Ohun tí wọ́n bá jọ fọwọ́ sí, tí ọjọ́ mẹ́wàá bá kọjá tẹ́nì kankan ò kọ̀ ọ́, ó ti dà bí ìdájọ́ kóòtù. Ìgbìmọ̀ náà ń jẹ́ lupon tagapamayapa, payapa ni àlàáfíà ní èdè wọn, taga- ló ń sọ ọ́ di ẹni tó ń ṣe é, bí "oní" tiwa. Kí ló dé tá ò fi ní pè é ní ìgbìmọ̀ onílàjà? Ẹ má kọ "ìgbìmọ̀ ìgbẹ́jọ́" torí wọn ò dá ẹjọ́. Àwọn baba wa ní a kì í ti kóòtù bọ̀ ṣọ̀rẹ́, àwọn ará ibẹ̀ ti sọ ọ́ di òfin ni.

Àmọ́ ibì kan wà tí ìlàjà ò gbọdọ̀ dé o, ìyẹn tí ọkùnrin bá ń lu ìyàwó ẹ̀. Òfin 9262 ti 2004 ò gba ará barangay láyè láti máa rọ obìnrin náà pé kó gbà kí wọ́n parí ẹ̀. Ìwé ààbò ni wọ́n máa fún un, ọjọ́ 15 ló ń ṣiṣẹ́.

Gbèsè ni mo fẹ́ yára mẹ́nu bà. Àbúrò obìnrin yìí yáwó lórí fóònù, wọ́n ń tẹ̀ ẹ́ láago pé ẹ̀wọ̀n ló ń lọ. Irọ́ ni. Ìwé òfin ìlú wọn, ti 1987, sọ pé a kì í torí gbèsè gbé èèyàn lọ sẹ́wọ̀n. Àmọ́ tó bá jẹ́ sọ̀wédowó ló fi san án tí owó ò sì sí ní báńkì, ọ̀ràn míì nìyẹn, wọ́n ní òfin tó ń mú ẹni tó bá kọ sọ̀wédowó tí ò dowó. (Ẹni tó kọ́kọ́ da sọ̀wédowó sílẹ̀ ní Yorùbá, kí Ọlọ́run fún un lọ́pọlọ sí i, torí "sọ ìwé di owó" ló já sí, a kàn máa ní ìwé yìí ò dowó ni.) Tó bá sì tan ẹni tó yá a lówó jẹ, estafa ni wọ́n ń pè é, ọ̀rọ̀ èdè Sípéènì, jìbìtì gan-an ni, kò nílò ọ̀rọ̀ tuntun.

Ẹjọ́ gbèsè tí ò ju mílíọ̀nù kan péésò lọ, kóòtù kan wà fún un tí lọ́yà ò lè bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Òyìnbó ń pè é ní "small claims," ẹjọ́ kékeré. Ẹ má jẹ́ ká tẹ̀lé wọn, mílíọ̀nù kan péésò ò kéré fún ẹni tí wọ́n jẹ ní gbèsè. Ẹjọ́ gbèsè aláìlọ́yà, ìyẹn ló máa sọ fún èèyàn ohun tó máa rí tó bá débẹ̀.

Ìyókù tí mi ò tíì rí ọ̀rọ̀ tó dáa fún: tí ìlàjà ò bá yọrí, àwọn onílàjà máa fún ẹ ní ìwé kan láti gbé lọ sí kóòtù. Ẹnì kan kọ ìwé àṣẹ ìpẹ̀jọ́, àmọ́ àṣẹ kọ́ o, ẹ̀rí ni, ẹ̀rí pé wọ́n gbìyànjú tó já sí pàbó. Ìwé ẹ̀rí ìlàjà-tó-já-sí-pàbó ni mo ní lọ́wọ́, ó gùn bí ọ̀nà Èkó sí Kánò. Ẹni tó bá ní èyí tó kúrú, kó gbé e wá. Mo ń lọ síṣẹ́ alẹ́, àárọ̀ ni màá tó ka èsì yín.