Ọjà ìpín ìdókòwò mẹ́ta ni mo pín owó sí, gbogbo rẹ̀ ló wó lọ́jọ́ kan náà

Ìyá Ìbejì Manchester: Ẹ̀yin ará mi, ẹ gbà mí o. Láti Ọjọ́bọ̀, 12 March 2020, mi ò rí oorun sùn. Àbúrò ọkọ mi ló kó mi sí i. Ó wá kí wa ní Kérésì, ó jẹ iyán mi tán, ó ní ìpín ìdókòwò London nìkan kò tó, kí n ra ti Warsaw ní Pólàndì àti Budapest ní Húngárì mọ́ ọn, pé àwọn ọjà wọ̀nyẹn kì í bá àwọn àgbà ọjà rìn, pé bí àwọn àgbà bá já, tiwọn kò ní já. Irọ́! London já ní nǹkan bí ìdá 11 nínú 100 lọ́jọ́ yẹn, Warsaw já ju 13 lọ. Báyìí kò gbé fóònù mi mọ́. Mọ́tò tí mo yá a pàápàá, ó fi họ ògiri. Ṣé kí n ta àwọn ìpín náà àbí kí n dúró?

Ọmọ Ìjẹ̀bú: Ẹ̀gbọ́n, ìgbà wo lẹ fẹ́ lo owó náà? Ẹ ò sọ.

Alàgbà Leeds: Ẹ má tà á o. Èmi ra ìpín báńkì nílé ní 2007. Gbogbo àdúgbò wa ní Ìbàdàn ló ń rà á, àwọn aláṣọ òkè pàápàá. Ó wó ní 2008. Ìwé rẹ̀ ṣì wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì ìyá mi.

Akọ̀wé Owó: Ọ̀rọ̀ àna yín ti di ti àtijọ́ ni. Nígbà tí ọjà Warsaw ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí ní 1991, ó lè máa ṣe tirẹ̀ lọ́tọ̀. Láti 2004 tí Pólàndì àti Húngárì ti wọ EU, ìyẹn àjọ ìṣọ̀kan Yúróòpù, owó ń wọlé, ó ń jáde, kò sí ìdènà. Jámánì ló ń ra ohun tí wọ́n ń ṣe jáde jù. Àwọn tó ní ìpín ní Frankfurt ní Jámánì náà ló ní i ní Budapest. Tí ẹ̀rù bá bà wọ́n, wọ́n á tà á níbi méjèèjì. Bí ojú bá ń sunkún, imú á bá a sun ún.

Àǹtí Dublin: Ta ló tiẹ̀ ń pe Pólàndì ní ọjà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dìde? FTSE Russell, ilé-iṣẹ́ tó ń to àwọn ọjà ìpín sí ìsọ̀rí, ti kó o mọ́ àwọn àgbà ọjà láti September 2018.

Akọ̀wé Owó: MSCI, ilé-iṣẹ́ mìíràn tó ń ṣe irú iṣẹ́ yẹn, kò kó o mọ́ wọn.

Àǹtí Dublin: Ta ló bi ọ́ ní ti MSCI?

Bàbá Kékeré: Ìyá Ìbejì, ẹ̀yin náà kì í ṣe ọmọdé. Ẹ wá lọ jẹ́ kí àna fi ọ̀rọ̀ ẹnu tì yín síbi tí owó yín ti wó.

Alàgbà Leeds: Sùúrù ni. Ẹ má tà á.

Ìyá Ìbejì Manchester: Mi ò fi ọ̀rọ̀ ẹnu rà á, mo kà nípa rẹ̀ kí n tó rà á! Mi ò kàn lè dúró títí ni. May la máa pín in.

Ọmọ Ìjẹ̀bú: Ẹ̀yin àti ta ni?

Ìyá Ìbejì Manchester: Owó àjọ ni. Èmi ni mo ń gbà á jọ. Èèyàn 12 ni wá.

Alàgbà Leeds: Háà. Ẹ tà á.

Ọmọ Ìjẹ̀bú: Lọ́la tí ọjà bá ti ṣí. Ẹ sì pe àwọn tó ni owó lálẹ́ yìí, kí wọ́n tó gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíì.

Ìyá Ìbejì Manchester: Mẹ́rin nínú wọn wà nínú ẹgbẹ́ yìí.