Wúrà tí wọ́n ń fi mẹ́kúrì mú: ẹ gbà wá nímọ̀ràn

Olóko: Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀yin ará. Àwọn tó ń wa wúrà ń da mẹ́kúrì, irin olómi olóró tó ń lẹ̀ mọ́ wúrà, sínú òkúta tí wọ́n lọ̀, wọ́n ń sun ún nínú páànù ní gbangba, omi ìdọ̀tí rẹ̀ sì ń ṣàn lọ sódò. Ṣé lóòótọ́ ló ń wọ ara ẹja? Kí ni wọ́n lè ṣe tí iṣẹ́ ò fi ní dúró?

Ẹlẹ́ja: Ó ń wọ̀ ọ́ dáadáa. Nínú ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ odò, bakitéríà ló ń sọ mẹ́kúrì di methylmercury, irú mẹ́kúrì tó máa ń wọ ara ohun alààyè. Kòkòrò omi á jẹ ẹ́, ẹja kékeré á jẹ kòkòrò, ẹja ńlá á gbé ẹja kékeré mì. Bó ṣe ń gòkè ló ń pọ̀ sí i. Ẹja tó ń jẹ ẹja ni kí aláboyún yẹra fún jù. Sísè tàbí yíyan ò lè lé e jáde.

Alágbẹ̀dẹ: Ìṣù wúrà tí wọ́n ń sun yẹn, nǹkan bí ìdajì rẹ̀ ni mẹ́kúrì. Ní 357°C ló ń hó, èéfín rẹ̀ ò sì ní àwọ̀ tàbí òórùn. Kí wọ́n lo ritọ́ọ̀tì: ìkòkò irin onídèérí dídì, tí páìpù gígùn dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ jáde lára rẹ̀. Ẹ wé aṣọ tútù mọ́ páìpù náà kí mẹ́kúrì lè padà di olómi. Ẹ má ri ẹnu páìpù sínú omi o! Bí iná bá rọlẹ̀, á fa omi sínú irin gbígbóná, á sì bú gbàù. Ẹ má sì ṣí i kó tó tutù.

Àgbà Awakùsà: Alágbẹ̀dẹ, òótọ́ lẹ sọ, àmọ́ ritọ́ọ̀tì ò gba odò là. Dída mẹ́kúrì sí gbogbo òkúta lílọ̀ ló ń ba nǹkan jẹ́ jù, torí púpọ̀ rẹ̀ á bá pàǹtí lọ. Ẹ kọ́kọ́ fọ̀ ọ́ lórí pákó tí wọ́n tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì sí, kó ku ìyanrìn dúdú wíwúwo díẹ̀. Bí ìyẹn bá mọ́ dáadáa, borax (iyọ̀ funfun tí wọ́n fi ń yọ́ wúrà) àti iná líle lè yọ wúrà rẹ̀ láìsí mẹ́kúrì rárá. Ẹ má da sáyánáìdì, oró tí àwọn kan fi ń yọ wúrà, sórí pàǹtí tó ti ní mẹ́kúrì. Ṣe ló máa yọ́ mẹ́kúrì náà, tí á sì gbé e rìn jìnnà. Àdéhùn Minamata ti 2013, àdéhùn àgbáyé lórí mẹ́kúrì, ní kí àwọn orílẹ̀-èdè tó wà nínú rẹ̀ gbé ìgbésẹ̀ láti fòpin sí irú àṣà bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rọ tó bá sì ti lọ òkúta, kó má lọ oúnjẹ mọ́, torí òjé olóró tó lè wà nínú òkúta náà.

Olóko: Ẹ ṣeun. Ihò tí wọ́n fi sílẹ̀ ńkọ́?

Àgbà Awakùsà: Látìbẹ̀rẹ̀ ni kí wọ́n ti kó ilẹ̀ dúdú òkè sọ́tọ̀. Òkúta ni kí wọ́n fi dí ìsàlẹ̀, kí ilẹ̀ dúdú gbẹ̀yìn. Bí wọ́n bá pa méjèèjì pọ̀, ohun ọ̀gbìn ò ní hù dáadáa níbẹ̀.